Adájọ́ Tó Yí Táímìnì Ẹ́ńjìnnì Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pariwo òdodo ju àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Èyítáyọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ sí ló ní kí á sọ ọ́ fún yín, ó sì ní kí á má fi oyin kankan sí i. Ó ní bí a bá bu iyọ̀ sí i kó lè dùn, àwọn ará Adó tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn yóò ní irọ́ ni òun tún ń pa.

Tísà fisíìsì ni Èyítáyọ̀ ní iléèwé girama kan ní Ìyìn-Èkìtì. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, onígíláàsì, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi níbi tí wọ́n bá ti ń rẹ́ ẹnìkan jẹ. Ní ilé epo, òun ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láti lé ẹni tó bá fẹ́ já lu ìlà padà sẹ́yìn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tí ó ń lọ, ó ti bá fadá jókòó rí, ó ní kò tọ́ kí àwọn tó wà níwájú máa kọ́kọ́ gba kòmúníọ̀n ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ó yẹ kí ẹ̀yìn náà máa ṣáájú nígbà mìíràn. Fadá ní òun ti gbọ́. Títí di òní, iwájú ni wọ́n ṣì ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Adájọ́. Ó pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni.

Eré tí ó gbà á lọ́kàn ni eré ọkọ̀ rìmóòtù. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà fún ọmọdé ní Ọjà Ọba, tí yóò ti kú kí ọdún Kérésì tó tán. Ọkọ̀ tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ni, gígùn rẹ̀ tó láti ìgúnpá dé orí ìka àgbàlagbà, ó sì ń sáré bí ọ̀kadà. Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ máa ń pàdé ní pápá básíkẹ́ẹ̀tì onísìmẹ́ǹtì tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì náà ní Adó. Ìbítóyè, tó ń bá àwọn ènìyàn fi sólà sórí ilé, ni alága wọn. Dàmọ́lá, tó ń tún fóònù ṣe, ni aláwàdà wọn. Èyítáyọ̀ ní òun kò fẹ́ ipò kankan, òun kàn fẹ́ máa rí i dájú pé kò sí ìrẹ́jẹ. Ni wọ́n bá fi í ṣe alábẹ̀wò ẹ́ńjìnnì.

Ẹ jẹ́ kí á la èyí díẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà wà. Ẹ́ńjìnnì iná tó ń gbé ọkọ̀ wọn sáré kò ní búrọ́ọ̀ṣì nínú. Òòfà ló ń yí láàrin wáyà, tí iná bátìrì ń fà á kiri. Ìdérí kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fín àmì sí lára bíi ti rúlà. Bí o bá dẹ ìdérí náà, tí o sì yí i síwájú, iná yóò máa dé kí àkókò rẹ̀ tó tó, ẹ́ńjìnnì yóò sì sáré ju bó ti yẹ lọ. Èyí ni wọ́n ń pè ní táímìnì. Ó dà bí ẹni tó ń ṣe Àmín kí fadá tó parí àdúrà: òun ni yóò kọ́kọ́ jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò ní balẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún máa ń gbóná, bí ó bá sì pọ̀ jù, òòfà inú rẹ̀ á kú.

Èyítáyọ̀ ló jà fún un pé kí táímìnì gbogbo ènìyàn wà lórí òdo. Òun ló lọ ra kútẹ́ẹ̀sì pupa tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná, tí ó ń kùn ún sí ojú ìdè ìdérí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá tú u má lè sẹ́. Nínú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni ìgò náà máa ń wà, bíi bírò. Òun náà ló ní kí wọ́n máa yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú ọkọ̀ ṣáájú àṣekágbá, kí wọ́n kó wọn sínú abọ́, kí wọ́n fi aṣọ bò wọ́n, kí oníkálukú ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ó sì fi èyí tí ó bá mú sáré.

"Àǹfààní ẹnìkan kò gbọdọ̀ ju ti ẹnìkejì lọ," ni ó wí. "Ẹni tí a bá sì bá ẹ́ńjìnnì àyídà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó kó ẹrù rẹ̀, kí ó má padà wá mọ́."

"A ò tilẹ̀ ní kọ́kọ́ kì í nílọ̀?" Ìbítóyè bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ìkìlọ̀ ni ìyá ìwà ìbàjẹ́."

Ó ní bí òun bá rántí gbólóhùn yẹn báyìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ó máa ń ṣe òun bí kí òun wọ̀ lọ.

Motúnráyọ̀ ni wàhálà tó dé bá a. Ọmọ Ìjàn-Èkìtì ni, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Adó. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń dúró jẹ́ẹ́ lórí rìmóòtù bí ẹni tó ń wá iṣan tí yóò gún lábẹ́rẹ́. Láti ìgbà tí ó ti dé, kò sí Sátidé kan tí ọkọ̀ rẹ̀ kò fi eruku bo ti Èyítáyọ̀ lójú. Adájọ́ tí ó ṣe òfin àṣekágbá kò dé àṣekágbá rí.

"Adájọ́, ṣé ọkọ̀ rẹ ń dúró de ẹlẹ́rìí ni?" Dàmọ́lá máa ń bi í. "Ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n sún ẹjọ́ rẹ̀ síwájú."

"Ẹ fi bọ̀ọ̀dá sílẹ̀," Motúnráyọ̀ á ní. "Ọkọ̀ wọn ń pa òfin ìrìnnà mọ́ ni."

Ti Motúnráyọ̀ ló máa ń dùn ún jù, nítorí pé kì í rẹ́rìn-ín tí ó bá sọ ọ́.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn ránṣẹ́ sí wọn pé kí Adó mú ẹnìkan wá bá wọn díje. Ìbítóyè ní ẹni tó bá borí ní Sátidé tó ń bọ̀ ni yóò lọ. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti gba ọ̀fun Èyítáyọ̀ lọ dáadáa mọ́.

Ní ọ̀sán Fúráìdè, ó ti iléèwé dé, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sórí tábìlì, fóònù sì dún. Dàmọ́lá ni.

"Adájọ́, ṣé o ń bọ̀ wá wòran lọ́la?"

"Wòran kẹ̀? Mo ń sá eré."

"Mo mọ̀. Ṣé kí n bá ọ wá ibòji tí o máa jókòó sí nígbà tí àwa bá ń sá àṣekágbá?"

Èyítáyọ̀ pa fóònù náà. Ó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, bẹ́ẹ̀ ìrònú ẹni tó mọ òdodo jinlẹ̀ ju tiwa lọ.

Ojúkòkòrò kọ́ ló kọ́kọ́ wá bá a. Ìdọ́gba ni. Ó rò ó pé gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì ń gbé, táìlì ló sì wà ní gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Motúnráyọ̀ ti ń fi ọkọ̀ rẹ̀ dánra wò. Òun ńkọ́? Ojú títì olókùúta ní Ìyìn, pẹ̀lú ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ti ya táyà òun lẹ́ẹ̀kan rí. Ṣé ìyẹn náà dọ́gba? Bí ènìyàn kan bá ní táìlì, tí ẹnìkejì ní ewúrẹ́, ta ni yóò dí àlàfo àárín wọn?

"Kì í ṣe ìrẹ́jẹ," ó sọ fún ara rẹ̀. "Àtúnṣe ni."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Olè mìíràn á fọ́ fèrèsé. Èyítáyọ̀ gba ẹnu ọ̀nà òdodo wọlé, ó tún nu ẹsẹ̀ kí ó tó wọlé.

Ó ní àṣekágbá nìkan ni òun fẹ́ dé. Bí wọ́n bá ti parí ìpele àkọ́kọ́, wọ́n máa ń sinmi kí wọ́n lè jẹun. Ní àkókò yẹn, òun yóò yọ́ lọ sí ilé ìgbẹ́ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, òun yóò dá táímìnì padà sórí òdo, kútẹ́ẹ̀sì ṣáà wà lápò òun. Kò ní sí ẹni tí yóò fara gbá a. Nínú àṣekágbá, òdodo yóò tún máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó mú súkúrúdáfà. Ó ha kútẹ́ẹ̀sì náà kúrò, ó dẹ ìdérí, ó yí i síwájú díẹ̀. Ó wò ó. Díẹ̀ náà kéré lójú rẹ̀. Ó fi díẹ̀ kún díẹ̀. Ewúrẹ́ wá sí i lọ́kàn, ó tún fi díẹ̀ kún un. Lẹ́yìn náà ni ó dè é, ó kun kútẹ́ẹ̀sì tuntun sí i, ó sì ń fẹ́ ẹnu sí i kí ó lè tètè gbẹ, bí ọmọge tó fẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó. Ó ní bí òun bá rántí gbogbo ohun tí òun ṣe, fífẹ́ ẹnu yẹn ló ń ti òun lójú jù.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́, òun ló kọ́kọ́ dé pápá. Kò tíì sí ìgbà tí ó yẹ ẹ́ńjìnnì wò le tó bẹ́ẹ̀. Ó nu gíláàsì rẹ̀, ó dojú bo ọkọ̀ Motúnráyọ̀.

"Kútẹ́ẹ̀sì tìrẹ ti ń bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ẹ̀yin lẹ kùn ún, bọ̀ọ̀dá."

"Ìṣọ́ra ló dáa." Ó sì tún kun díẹ̀ sí i.

Nígbà tó kan tirẹ̀, Ìbítóyè fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó sì tún nà ró. "Ta ni yóò máa yẹ Adájọ́ wò?" ó ní, ó sì kọjá lọ. Kútẹ́ẹ̀sì ṣáà pé. Bí kútẹ́ẹ̀sì bá ti pé, kò sí ẹni tó ń wo àmì mọ́. Ìyẹn ni àbùkù òfin náà. Ẹni tó ṣe òfin nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpele àkọ́kọ́. Ọkọ̀ Èyítáyọ̀ jáde bí ẹni tí ajá ń lé. Ó kọjá ti Dàmọ́lá, ó bá ti Motúnráyọ̀ dọ́gba, ó sì yà á sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó wá wòran pàtẹ́wọ́ fún un. Òun tí wọn kì í pàtẹ́wọ́ fún, ó kúnlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, ó ń fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lórí.

"Adájọ́, kí lo fún un jẹ?" Dàmọ́lá bi í. Ẹnu yà á ní tòótọ́.

"Sùúrù," ni Èyítáyọ̀ dáhùn. "Ẹni tó bá ń pa òfin mọ́, bó pẹ́ bó yá, yóò rí èrè rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó sọ ọ́. Ẹnìkan kò fi dandan mú un.

Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọkọ̀ láti fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ó sì yára fa ìka rẹ̀ jáde. Ẹ́ńjìnnì náà gbóná bí ìkòkò tó wà lórí iná. Orí ìka rẹ̀ ti pọ́n, ó ti ń wú.

Motúnráyọ̀ rí i. "Kí ló jó yín, bọ̀ọ̀dá?"

"Tíì ni."

"Tíì wo nìyẹn?"

"Ti àárọ̀."

Motúnráyọ̀ wo ìka náà, ó wo ojú rẹ̀. Ó ṣí ìgò omi mímu tirẹ̀, ó sì ń rọra da omi tútù náà sí i lórí ìka títí omi fi tán. "Ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí ó wálẹ̀ fúnra rẹ̀."

Bí ó bá ṣe pé ọmọbìnrin náà gbá a létí ni, ìbá sàn fún un.

Ọwọ́ Ìyìn ni òjò ti ṣú wá. Ìbítóyè gbé ojú sókè, ó pàtẹ́wọ́. "Kò sí ìsinmi mọ́ o. Àṣekágbá yá. Ẹ kó ẹ́ńjìnnì wá sínú abọ́."

Èyítáyọ̀ sáré tọ̀ ọ́ lọ. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ènìyàn kò tíì jẹun."

"Òjò kì í dúró de onjẹ."

"Ìsinmi wà nínú òfin, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀tọ́ wọn ni."

"Adájọ́, mo bẹ̀ ọ́, gbé ẹ̀tọ́ jókòó fún mi lónìí."

Wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì lójú gbogbo ènìyàn, nítorí òfin ní kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò dá yọ tirẹ̀ níkọ̀kọ̀. Wọ́n kó wọn sínú abọ́, wọ́n fi tówẹ́ẹ̀lì bò ó, wọ́n sì gbé abọ́ náà lé alábẹ̀wò lọ́wọ́. Èyítáyọ̀ rò ó pé tí òun bá ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ooru tirẹ̀ yóò júwe ara rẹ̀ fún òun, òun yóò sì gbé e. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nígbà tí Dàmọ́lá ní, "Ẹni tó gbé abọ́ ló ń mú kẹ́yìn. Àbí kì í ṣe òfin rẹ ni?"

Òfin rẹ̀ ni.

Motúnráyọ̀ ló kọ́kọ́ mú. "Èyí gbóná o," ó ní.

"Gbogbo wọn ló gbóná," Dàmọ́lá dá a lóhùn. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni."

Èyítáyọ̀ gbé abọ́ náà dúró. Ó ní àsìkò yẹn, òun lè sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan péré ni: ẹ dá a padà, tèmi ni. Ó ṣí ẹnu, ohun tó jáde níbẹ̀ ni, "Ẹ tètè ṣe é, òjò ń bọ̀."

Motúnráyọ̀ lọ kúnlẹ̀ ti ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó básíkẹ́ẹ̀tì, ó fi ẹ́ńjìnnì náà sí i. Wọ́n gbéra. Ohun tí ọkọ̀ náà ṣe lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè sọ tán. Ọwọ́ tó mọ ọkọ̀ wà, ẹ́ńjìnnì tó ń ṣe Àmín ṣáájú fadá sì wà. Ó yí pápá ká, ó tún wá bá àwọn tó wà lẹ́yìn láti ẹ̀yìn, ó sì kọjá lára wọn lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ó fi parí, èéfín díẹ̀ ti ń jáde lábẹ́ rẹ̀, òórùn wáyà jíjó sì gba gbogbo pápá.

Àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Ìbítóyè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn, ó fi aṣọ yọ ẹ́ńjìnnì náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè.

"Wọ́n ti yí èyí. Àmì rẹ̀ jìnnà sí òdo."

"Mi ò fọwọ́ kan ìdérí rẹ̀," Motúnráyọ̀ ní.

"Ta ló ni ín kí ó tó wọ inú abọ́?" Ìbítóyè bi gbogbo wọn.

Irú kan náà ni gbogbo ẹ́ńjìnnì, kò sí orúkọ lára èyíkéyìí. Èyítáyọ̀ wo bàtà rẹ̀. Ó ní bàtà náà dọ̀tí, òun kò sì kíyè sí i tẹ́lẹ̀.

"Òfin kò bèèrè ẹni tó ni ín," Dàmọ́lá ní. Kò ṣàwàdà mọ́. "Ẹni tí a bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ìdí òpó ló sì ti nìkan fi í sínú ọkọ̀. Wọ́n sì ti kun kútẹ́ẹ̀sì rẹ̀ padà, ta ló ń lo kútẹ́ẹ̀sì bí kò ṣe obìnrin?" Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni àwọn tó wá wòran ti ń ya fọ́tò ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ lórí Wásáàpù.

"Adájọ́, ìwọ ni alábẹ̀wò," Ìbítóyè ní. "Dá ẹjọ́ náà."

Gbogbo ojú yí sí i. Ibí yìí ni ó ti yẹ kí ó wó lulẹ̀, kí ó sì jẹ́wọ́, bí ó bá jẹ́ irú ènìyàn tí òun fúnra rẹ̀ rò pé òun jẹ́. Ó nu gíláàsì rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí á ṣàánú rẹ̀," ó ní. "Òòótọ́ ni pé òfin le, ṣùgbọ́n ọmọdé ni. Ẹ̀bi àkọ́kọ́ rẹ̀ ni. Mo rò pé bí a bá kì í nílọ̀, tí a sì gba ipò kìn-ín-ní náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tó."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ò ṣì í kà. Ó ń tọrọ àforíjì fún un lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí òun dá. Ó ní ohun tó tiẹ̀ burú jù níbẹ̀ ni pé bí òun ti ń sọ ọ́, inú òun ń dùn sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dára tó lẹ́nu òun.

Motúnráyọ̀ gbé rìmóòtù rẹ̀ sílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, mi ò fẹ́ àánú yín," ó ní. "Òdodo lẹ kọ́ wa níbí, òun ni mo fẹ́." Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó tẹ ìka rẹ̀ sílẹ̀. "Gbogbo yín, ẹ wo èékánná mi. Sísítà wọ́ọ̀dù wa máa ń yẹ ìka wa wò láràárọ̀. Ẹni tó bá kun kútẹ́ẹ̀sì, ilé ló ń lọ. Mi ò ní ìgò rẹ̀ kankan láti ìgbà tí mo ti wọ iléèwé. Kútẹ́ẹ̀sì orí ẹ́ńjìnnì yìí kò ya, ó pé, ó sì ti gbẹ ráúráú. Ẹni tó yí i ló rọra kùn ún padà, kì í ṣe lórí eré yìí, kì í ṣe ní ìdí òpó. Ta ló ń mú kútẹ́ẹ̀sì wá síbí nínú wa?"

Ojú gbogbo wọn lọ sí àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì Èyítáyọ̀. Òun náà wo ibẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ń wò.

"Tíì wo ló sì ń jó ènìyàn ní pápá básíkẹ́ẹ̀tì?" Motúnráyọ̀ fi kún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Èyítáyọ̀." Ìbítóyè kò pè é ní Adájọ́. "Sọ fún mi pé ìwọ kọ́."

Ó gbìyànjú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀, gbogbo òfin àti àlàyé, wọ́n sá lọ. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, òun náà ló sì jáde.

"Díẹ̀ ni," ó ní. "Díẹ̀ ni mo yí i."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Dàmọ́lá kọ́.

"Kí ni òfin wí?" Ìbítóyè bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, bóyá ó yẹ kí á tún òfin náà gbé yẹ̀ wò. Ìkìlọ̀ lè..."

"Ìkìlọ̀ ni ìyá ìwà ìbàjẹ́," Dàmọ́lá bá a parí rẹ̀.

Ó kó ẹrù rẹ̀. Ìbítóyè gba ìgò kútẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Ó ti ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀kadà rẹ̀ nígbà tí fóònù Motúnráyọ̀ dún, tí ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀ tí ó ń sọ pé, "Rárá, bàbá mi. Rárá. Ẹni tó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí yín kò dúró gbọ́ òpin rẹ̀. Ọmọ yín kò jalè." Ohùn tí kì í gbọ̀n, tí ó fi sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo wọn láìbẹ̀rù, ti ń gbọ̀n báyìí.

Èyítáyọ̀ padà sẹ́yìn.

"Kátékístì ni bàbá mi," Motúnráyọ̀ sọ fún un. "Gbogbo Ìjàn ló ń fi ọmọ sí wọn lọ́wọ́. Bí ẹgbẹ́ lé yín, bí wọn ò lé yín, ìyẹn kò kàn mí. Ìbàdàn náà kò jẹ́ nǹkan kan fún mi mọ́ báyìí. Orúkọ mi ni kí ẹ dá padà fún mi. Ẹnu yín tó dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń pè mí lólè ni kí ẹ gbé lọ sílé wa."

Ó ní lójú ọ̀nà ni òun ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tí òun yí ló bu òun kù jù. Ẹni tó bá yí ẹ́ńjìnnì lè yí i padà. Àánú tí òun ń pín kiri lórí ẹ̀bi ara òun, ìyẹn ni kò sí súkúrúdáfà tó lè dá a padà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó sì lọ sí Ìjàn. Ó bá bàbá náà níwájú ilé, ó ń yọ àgbàdo kúrò lára ṣùkù. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú uṣẹ́, bàbá."

"Òo, dìde. Ọmọ ta ni ọ́?"

"Láti Ìyìn ni mo ti wá, bàbá. Nítorí Motúnráyọ̀."

Bàbá náà wo aṣọ rẹ̀, ó wo bí òógùn ṣe ń wá níwájú orí rẹ̀. Ó gbọn ìyàngbò àgbàdo kúrò lọ́wọ́. "Ó yẹ kí o mú àgbà dání. Àbí ṣé ẹ kì í mú àgbà dání wá tọrọ ìyàwó ní Ìyìn mọ́?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó, bàbá. Ọ̀rọ̀ olè ni."

Ojú bàbá yí padà. "Ta ni olè?"

"Èmi ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, ẹ́ńjìnnì, kútẹ́ẹ̀sì, abọ́, àti ìdájọ́. Bàbá náà kò mọ ohun tí táímìnì jẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ibi tí ó ti ń tọrọ àánú fún ọmọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò lára àgbàdo.

"Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn ulé," ó ní nígbẹ̀yìn. "Kò tíì jẹun láti àná. Kò gbọ́ ohun tí o sọ. Tún un sọ."

Èyítáyọ̀ tún un sọ.

"Kò lè gbọ́ èyí. O ṣáà ní tísà ni ọ́."

Ó dìde dúró, ó sì sọ ọ́ sókè débi pé àwọn ará ilé kejì yọjú lójú fèrèsé: èmi ni mo ṣe é, Motúnráyọ̀ kò mọ̀ sí i, mo dúró níbẹ̀, mo sì jẹ́ kí wọ́n pè é lólè.

Ìró ọlọ tó ń dún lẹ́yìn ilé dákẹ́. Ìyá náà jáde wá pẹ̀lú ata lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó wo Èyítáyọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Kò ṣépè, kò sì sunkún.

"Ní àná, ní ìdí kànga, obìnrin kan sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi níwájú mi," ó ní. "Ọ̀kan tún sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí. Mo mọ ilé gbogbo wọn."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí etí ìró, ó sì fi ìborùn rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Wọ bàtà rẹ," ó ní. "Ọ̀nà wa jìn."